Ma Lo Ese Tuntun

"Ta ló ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ yìí sí i?"

Bàbá Sípóòkù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ ọ̀hún kò rí róbótó mọ́. Ó ti lọ́, ó ti ká bí ewé tí oòrùn pa, àwọn sípóòkù, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀, sì yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwa méjì la dúró níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà: èmi, àti ọmọbìnrin kíláàsì wa tí à ń pè ní Aago, ẹni tó máa ń ka ìṣẹ́jú fún wa tí a bá ń fi kẹ̀kẹ́ sáré. Ó yẹ ká jẹ́ mẹ́ta. Ẹnì kẹta wa, Òpó, wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń ya àwòrán egungun ọwọ́ rẹ̀.

Aago wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

Bàbá Sípóòkù kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ sára irin tó fi ń yẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò, ó fi èékánná ta ọ̀kan nínú àwọn sípóòkù tí kò tíì já. Ohùn tó jáde kò yàtọ̀ sí ti okùn tó dẹ̀. Ó ta òmíràn, bákan náà ni.

"Dò," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Dò. Dò. Gbogbo wọn ló ń sọ dò."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì mú ju abẹ lọ. Sípóòkù tó bá le dáadáa, tí wọ́n bá ta á, ohùn òkè ló ń mú wá: mí. Èyí tó bá dẹ̀ á sọ dò. Bàbá a máa yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, á máa ta wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, títí gbogbo wọn á fi máa sọ ohùn kan náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó bá wà nítòsí á dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tèmi yàtọ̀.

Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí níléèwé. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa kan kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ dé kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, mo sì gba ojú fèrèsé. Nígbà tó gbé pàṣán, mo ní kí ó rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹnu sọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, pàṣán sì padà sórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò sí gbólóhùn tí èèyàn ò lè rí ibi yọ jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni kẹ̀kẹ́. Awọnlẹ̀ ni. Iṣẹ́ a máa gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, kó tó tún padà wá sinmi lọ́dọ̀ èmi àti ìyá wa. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ojú títì. Orí òkè àti inú igbó ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní sípíríǹgì níwájú, ó tún ní òmíràn láàárín, lábẹ́ ìjókòó, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ iwájú bá gun òkúta, ìdí ẹni tó jókòó lé e lè má gbọ́ rárá.

Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gùn ún, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó mọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó wà nínú táyà bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ó mọ ọjọ́ tí sípíríǹgì àárín máa ń dún àti ọjọ́ tí kì í dún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Wò ó," á ní, "tó o bá pa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dà, o ti pa kẹ̀kẹ́ dà nìyẹn. Ara rẹ̀ lè jẹ́ ti àná, ìwà rẹ̀ ti di tuntun."

Ẹsẹ̀ tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá láti ilé iṣẹ́ kéré díẹ̀, ó sì wúwo. Bí o bá fi gun òkè, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fà ọ́ láṣọ lẹ́yìn. Àmọ́ ó yigbì. Ó ti fi ṣubú lu òkúta, ó ti fi já sínú kòtò, rímù rẹ̀, irin róbótó tí táyà wọ̀, kò sì tẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ tuntun ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ṣà jọ fúnra rẹ̀: rímù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sípóòkù tín-ín-rín, kò wúwo, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó fi jẹ́ pé gbòǹgbò igi kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Àti ẹsẹ̀ àtijọ́ àti tuntun ló wọ kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá Sípóòkù ló to ẹsẹ̀ tuntun ọ̀hún, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi tò ó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé, ó gùn ún yípo àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè é padà síbi iṣẹ́. Ó dá ẹsẹ̀ àtijọ́ padà sára kẹ̀kẹ́, ó fi tuntun ti ògiri yàrá rẹ̀, ó sì lọ.

Ìgbà náà ni ìdíje kẹ̀kẹ́ àwọn iléèwé kù sí dẹ̀dẹ̀. Iléèwé mẹ́rin ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú kẹ̀kẹ́ kan àti ẹni méjì wá. Ẹni àkọ́kọ́ á gun òkè, á yí igbó ká, á sọ̀ kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ fún ìkejì, òun náà á sì yí i ká. Èmi àti Òpó ló máa ń gùn ún fún tiwa. Èmi mọ òkè gùn. Òpó, tó ga tó fi jẹ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì, ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré ni wọ́n fi jù wá lọ, orí òkè ni mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ nù, lórí ẹsẹ̀ wíwúwo yẹn. Mọ́kànlá! Ó ń bá mi sùn, ó ń bá mi jí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdíje, mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé kó jẹ́ kí n lo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ wo ni kí n fi sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi iléèwé nígbà tí èsì wọlé. Bó ṣe kọ ọ́ rèé:

*Ko si wahala. Mo ti ba Baba Sipooku soro. Ma lo ese tuntun.*

Mo fò dìde. "Máa lo ẹsẹ̀ tuntun! Ẹ gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa lo ẹsẹ̀ tuntun!"

Aago já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Farabalẹ̀ ná. Níbo lo ti rí *máa*? *Má* ni mo rí níbí. Má lo ẹsẹ̀ tuntun."

"*Máa* ni."

"*Má* ni."

Òpó na ọrùn gígùn rẹ̀ wò ó láti òkè. "Ẹ̀yin méjèèjì ò tiẹ̀ mọ̀wé kà. *Ẹ̀ṣẹ̀* ni wọ́n kọ. Má lo ẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Wọ́n ní kí Lọ́yà máa bá èyí tó ti mọ́ ọn lára lọ."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Aago. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó na fóònù sí mi.

"Pè wọ́n. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí ẹ ni! Ọwọ́ wọn ò tíì kúrò lórí fóònù."

"Aago, ro ó dáadáa," mo ní, mo sì jókòó bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. "Tó bá jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí n lò ó, kí ni wọ́n wá ń dárúkọ Bàbá Sípóòkù fún? Ó túmọ̀ sí pé Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti dáa. Gbólóhùn kejì ló ń ṣàlàyé ẹ̀kẹta."

"Abéèrè kì í ṣìnà o, Lọ́yà."

"Ẹni tó mọ̀nà náà kì í ṣìnà."

Ó gbọn orí. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, àtàǹpàkò mi sì wà lórí orúkọ náà. Kì í ṣe pé kò sí owó ìpè. Kì í ṣe pé n kò láyè. Bí mo bá pè é, màá gbọ́ èsì. Bí n kò bá pè é, èmi ni mo ni èsì. Mo fi fóònù sápò.

Nírọ̀lẹ́, mo tú ẹsẹ̀ àtijọ́ kúrò, mo de tuntun mọ́ ọn. Ìyá mi, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ sí i. Mo ní ó mọ̀. Kí n tó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo rántí Bàbá Sípóòkù, mo sì fi èékánná ta sípóòkù kan. Ó sọ mí. Ó mọ́ gaara. Mo na ọwọ́ sí ìkejì, mo tún ká ọwọ́ mi kò. Ọ̀kan ti tó, mo sọ fún ara mi. Bí ọ̀kan bá dáa, kí ló máa ṣe ìyókù?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọ̀nà tó yá jù lọ sí ẹsẹ̀ òkè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sípóòkù kọjá. Mo ní ká gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Aago béèrè pé kí ló dé, mo ní ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Ilé ìfọṣọ yẹn ni ìyá Òpó ti ń ṣiṣẹ́. Ó yọ síta, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kígbe tẹ̀lé wa: "Ọmọ mi, má fi ẹsẹ̀ gígùn yẹn wọ́lẹ̀ o!" Òpó bo ojú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún wa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gùn ún. N kò lè purọ́, láyé mi n kò gun nǹkan tó dà bẹ́ẹ̀ rí. Òkè tó ń jẹ mí níyà lọ́dún tó kọjá wá dà bí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo kọjá ẹni àkọ́kọ́ níbi igi wíwó, mo kọjá ìkejì lójú àpáta, nígbà tí mo sì fi dé orí òkè, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi bí kò ṣe ojú sánmà. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, tó ku kọ́nà méjì, mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi. *Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.* Bí ẹni ń jẹ egungun. Ẹ̀yìn ni ó ti ń wá.

Mo dé ìsàlẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀. Òpó ti na ọwọ́.

"Báwo ló ṣe ń ṣe?" ó béèrè.

"Ó ń fò!" mo ní.

Òótọ́ ni. Ó ń fò. Ohun tí n kò sọ ló jẹ́ irọ́.

Aago ké pé a fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún ṣáájú. A dúró síbi òpin, a gbójú sókè. A rí orí Òpó lókè, a rí i tó wọ igbó, a ń retí kí ó yọ ní kọ́nà. Kò yọ. Ọmọ iléèwé mìíràn ló yọ, ó sọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gòkè. Èmi náà sáré. Nígbà tí wọ́n gbé Òpó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Aago dúró síbi tí a fi í sí. Kò rántí dá aago ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ṣì ń kà.

Ọwọ́ ọ̀tún Òpó ṣẹ́ lójú méjì. Ìdánwò àṣejáde wa ku ọjọ́ méjìdínlógún. Òpó ló mọ yíya àwòrán ẹ̀rọ jù lọ nínú iléèwé wa; olùkọ́ wa a máa gbé ìwé rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Iṣẹ́ tó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, láìsí ìdánwò yẹn, kò lè wọlé. Dókítà ní wọn ò ní tú sìmẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí Bàbá Sípóòkù tò ló já. Wọ́n ní àgbà ti dé sí i, kò ríran mọ́, kí ló tún ń wá nídìí iṣẹ́. Àwọn iléèwé méjì kó kẹ̀kẹ́ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, mo ń fi ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ hàn án. Wọ́n á kà á, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Hàà, ẹ̀bi rẹ kọ́ o." N kò dárúkọ Bàbá sí búburú fún ẹnì kankan. N kò sì gbà á sílẹ̀.

Mo lọ wo Òpó nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, pátákó wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì fa ìlà. Ilẹ̀ kún fún bébà. Àwọn ìlà náà wọ́ bí ipa ìgbín.

"Wò ó," ó ní, "mo ti mọ̀ ọ́n fà. Afárá tí mo yà rèé. Ẹni tó bá gbabẹ̀ kọjá á kú, ṣùgbọ́n afárá ni."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbé pẹ́ńsù kalẹ̀.

"Lọ́yà, ṣé *máa* ni lóòótọ́?"

Mo fa fóònù yọ. "Wò ó fúnra rẹ."

Kò tilẹ̀ wò ó. "Mo ti rí i. Fóònù ò lóhùn. Ìwọ ni mò ń bi."

Mo ní nọ́ọ̀sì ń pè mí, mo jáde. Nọ́ọ̀sì kankan ò pè mí.

Ọjọ́rú ni ọ̀gá àgbà iléèwé wa pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Yàrá tóóró ni, fáìlì kún ibẹ̀ dé àjà. Ìyá Òpó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Bàbá Sípóòkù jókòó sí ìdàkejì, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún. Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi gbogbo àná rìnrìn àjò, dúró lẹ́nu ọ̀nà torí àga ò tó. Èmi wà láàárín. Fóònù mi wà lórí tábìlì, mo ti ṣí i síbi tí ọ̀rọ̀ náà wà, gbogbo wa sì ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ẹyẹ.

Ìyá Òpó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Mi ò wá jà. Ọmọ mi ò lè mú pẹ́ńsù. Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo dè é ní bọ́tìnnì. Mo ṣáà fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ni kò dáa, kí iléèwé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa fara gbá a."

Bàbá Sípóòkù tún fìlà rẹ̀ gbé. "Ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì là ń fa sípóòkù ẹsẹ̀ tuntun le. A óò fà á lẹ́ẹ̀kíní, wọn á gùn ún jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Sípóòkù á jókòó sáyè ara wọn, wọ́n á dẹ̀. A óò wá fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi gun orí àpáta. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tíì fà á. Mo ń retí kí wọ́n gbé e padà wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n so bébà mọ́ ọn, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì parí. Mi ò so nǹkan kan. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Bàbá ti sọ fún mi," ẹ̀gbọ́n mi dá sí i. "Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. *Má* ni mo ní lọ́kàn. Àmọ́ orí ìrìn ni mo wà, mi ò fi àmì sí i, ẹni tó bá sì kà á ní *máa* kò jẹ̀bi. Ẹ̀bi èmi ni. Ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́rùn." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn.

Mo jókòó, mo ń gbọ́. Àgbà méjì ń du ẹ̀bi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó nawọ́ sí mi. Ẹjọ́ tí mo rò tó dáa jù láyé mi nìyẹn, n kò sì la ẹnu.

Ọ̀gá àgbà ṣí gègé rẹ̀. Kó tó di ọ̀gá, Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé yìí. "Ogún ọdún," ó ní, "ogún ọdún gbáko ni mo fi ń pariwo àmì ohùn. Wọ́n á ní, 'Ọ̀gá, kí la fẹ́ fi ṣe?' Ó dáa." Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀. "Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn iléèwé tó kù, kí wọ́n mọ̀ bóyá kí wọ́n dá kẹ̀kẹ́ wọn padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin, ka ọ̀rọ̀ náà sókè, kí n kọ ọ́. Èmi kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Bí o bá ṣe kà á ni màá ṣe fi àmì sí i."

Mo gbé fóònù. Láti ọjọ́ Sátidé, ojú ni gbogbo èèyàn fi ń ka ọ̀rọ̀ náà, ojú ò sì ní ohùn. Nísinsìnyí, ẹnu ni wọ́n ní kí n fi kà á.

"*Kò sí wàhálà*," mo kà. Gègé ń ró lórí ìwé. "*Mo ti bá Bàbá Sípóòkù sọ̀rọ̀*." Ó ń kọ. Ó dúró dè mí.

Mo tẹjú mọ́ *Ma*. Mo ń wá ibi tí màá gbà yọ, bí mo ti máa ń ṣe, mo wo gbólóhùn náà láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ojú mi sì kọjá òkè rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló wà níbẹ̀, ìka kan péré ló wà láàárín wọn: *Maa kawe daadaa. Ma sun ju.* Òkè ìyẹn ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: *Maa ran iya lowo. Ma gbagbe oogun won.* Mo fi ìka tì í sókè. *Maa. Maa. Ma. Maa. Ma.* Oṣù mẹ́rin. Níbi tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ní kí n ṣe nǹkan, á méjì ló ń kọ. Níbi tó bá ti ní kí n má ṣe é, ẹyọ kan ni. Kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

Èmi mọ̀. N kò ṣì í kà rí. Oògùn ìyá mi, n kò ka *Ma gbagbe* sí *máa gbàgbé* lọ́jọ́ kan. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Ẹsẹ̀ tuntun lojú mi ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹn ni n kò ṣe gbé ojú sókè níwọ̀n ìka kan.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin?" ọ̀gá àgbà ní.

"*Má*," mo kà. "*Má lo ẹsẹ̀ tuntun*."

Gègé kò ró. Gbogbo wọn gbójú sókè.

"*Má* ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ẹyọ kan kọ *máa*. Aago ní kí n pè wọ́n, mi ò pè wọ́n, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kí Bàbá má bàa rí wa. Kẹ̀kẹ́ náà ti ń dún kí n tó gbé e fún Òpó. Ó bi mí bó ṣe ń ṣe, mi ò sọ fún un." Mo yíjú sí ìyá Òpó. "Kì í ṣe iṣẹ́ Bàbá. Kì í ṣe àìfàmìsí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan, ńṣe ló ń béèrè. Èmi ò fẹ́ mọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń túmọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ti ara ilẹ̀kùn. Bàbá Sípóòkù dé fìlà rẹ̀, ó tún ṣí i. Ìyá Òpó dìde láti ẹ̀bá fèrèsé, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rò pé yóò gbá mi létí. Ǹ bá fara mọ́ ọn. Kò gbá mi. Ó gba fóònù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ọ̀gá àgbà, ó sì fi ìka rẹ̀ tí àpá áyọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè wá, ó ń kà wọ́n jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé.

"*Máa*. *Máa*. *Má*. *Máa*. *Má*."

Ó dé ti ọjọ́ Ẹtì. Ìka rẹ̀ dúró lórí ẹyọ á kan ṣoṣo.